Àbúrò mi ní tíọ́rì físíìsì lòun fẹ́ ṣe: ta ló ti fi iṣẹ́ yìí jẹun rí?

Fóònù Challenge
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Challenge níbí, ní Ìlọrin. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, èmi ni mò ń gbọ́ bùkátà àbúrò mi ọkùnrin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, físíìsì ló kà, èsì rẹ̀ sì dáa gan-an. Mo ní kó wáṣẹ́ sí báńkì, àbí kó tiẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ sólà, nítorí owó wà nídìí sólà lásìkò yìí. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní máásítà lòun fẹ́ ṣe nínú nǹkan tí wọ́n ń pè ní condensed matter, apá tíọ́rì, ìyẹn àwọn tó ń fi ìṣirò wá ìdí nǹkan. Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ó ní wọ́n ń wádìí ìdí tí kọ́pà fi ń gbé iná tí gíláàsì kì í gbé e. Mo ní ṣé wọ́n ń sanwó fún ìyẹn? Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ó fi máákà kọ orúkọ òyìnbó kan sára ògiri yàrá, PHILIP ANDERSON, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀. Ó ní ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi: ta ni ọkùnrin yìí, kí ló ṣe, ta ló sì ń sanwó fún un? N kò fẹ́ dí ọmọ lọ́nà, àmọ́ n kò lówó tí mo fẹ́ dà sómi.

ỌmọÌbọ̀lọ́
Bọ̀dá, sólà. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ayọ̀ Tánkẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì dá ỌmọÌbọ̀lọ́ lóhùn. Èmi náà ń ṣe máásítà físíìsì lọ́wọ́ ní Unilorin, ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà ni Philip Anderson. Indianapolis ni wọ́n ti bí i ní 1923, àmọ́ Urbana ní ìpínlẹ̀ Illinois ló dàgbà sí, nítorí bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní yunifásítì ibẹ̀ nípa àrùn tó ń ṣe ohun ọ̀gbìn. Harvard lòun lọ. Ìgbà ogun ni. Bó ṣe gba dìgírì àkọ́kọ́ ní 1943 ni wọ́n kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe áńtẹ́nà fún àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun parí, ó padà sí Harvard, ó sì gba PhD ní 1949 lọ́dọ̀ John Van Vleck, ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí ohun tí ń mú òòfà jẹ́ òòfà.

Ibi tó wá wọṣẹ́ sí ni kẹ́ ẹ gbọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún fóònù ṣe. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni! Bell Labs, láàbù AT&T. Ó lo ọdún 35 níbẹ̀, 1949 sí 1984.

Fóònù Challenge
Ilé-iṣẹ́ fóònù? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹni tó ń jókòó ṣírò ṣe?

Ìyá Ruka
Bọ̀dá Challenge, ẹ má bínú o, èló lẹ ń pààrọ̀ ojú Tecno Spark?

Fóònù Challenge
Àǹtí, ẹ kọ ọ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ là ń sọ níbí.

Olùkọ́Àgbà Òmù-Àrán
Ìbéèrè yín dáa, Challenge. Físíìsì ni mo fi kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ n bá yín fara balẹ̀ dáhùn ẹ̀.

Ní oṣù December 1947, inú Bell Labs yẹn náà ni Bardeen àti Brattain ti ṣe tiransísítọ̀, ohun kékeré tó ń darí iná tó sì ń mú ohùn lágbára, tí Shockley jẹ́ ọ̀gá wọn. Ẹ̀yin àgbà ibí á rántí pé rédíò kékeré oníbátìrì, tiransísítọ̀ la máa ń pè é nílé. Kó tó dé, gíláàsì bí gílóòbù, tó ń gbóná tó sì ń jó, ni wọ́n fi ń ti ohùn tẹlifóònù lọ sọ́nà jíjìn. Ilé-iṣẹ́ náà wá rí i pé ẹni tó bá mọ ìrìn ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù (ohun kékeré inú átọ́mù tó ń gbé iná) nínú silicon, ohun tí wọ́n fi ń ṣe tiransísítọ̀, ló ni ọjà. Àwọn IC dúdú pẹlẹbẹ tí ẹ̀yin ń fi atẹ́gùn gbígbóná yọ kúrò lórí bọ́ọ̀dù yẹn, èyí tó jẹ́ ọpọlọ fóònù nínú wọn, tiransísítọ̀ tó wà nínú ọ̀kan ṣoṣo lónìí, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ni. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ fóònù fi ń san owó oṣù fún oníṣírò.

Wọn ò sì ní kó wá ṣe fóònù. Wọ́n fi í sáàárín àwọn tó ń ṣe ìdánwò ni. Ẹni tí nǹkan bá rú lójú nínú láàbù á rìn gba kọ́rídọ̀ wá bá a, òun náà á rìn lọ bá wọn. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ George Feher. Silicon tí wọ́n bu phosphorus díẹ̀ sí ni Feher ń yẹ̀ wò. Phosphorus yìí máa ń mú ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù kan wá kún ti silicon, òye ìgbà náà sì ni pé kí wọ́n máa ti ọ̀dọ̀ phosphorus kan bọ́ sọ́dọ̀ èkejì, kí wọ́n máa káàkiri. Feher wọ̀n wọ́n títí, wọ́n jókòó pa síbi tí wọ́n wà. Kí ló dé?

Ohun tí Anderson tẹ̀ jáde ní 1958 nìyẹn. Ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù a máa ṣe bí ìgbì. Bí ìgbì náà bá kan átọ́mù, á pín, apá kan á gba ibí, apá kan á gba ọ̀hún, wọ́n á tún pàdé níwájú. Níbi tí wọ́n bá ti pàdé, wọ́n lè ti ara wọn lẹ́yìn, wọ́n sì lè pa ara wọn rẹ́. Bí átọ́mù bá tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á ti ara wọn lẹ́yìn, iná á kọjá. Bí wọn ò bá tò ńkọ́? Àwọn tó ṣáájú Anderson gbà pé ìrìn náà á kàn falẹ̀ ni, ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù á máa ta gbọ̀ngbọ́n lọ, àmọ́ yóò dé ibi tó ń lọ bó pẹ́ bó yá. Anderson ní ó tì o. Bí rúdurùdu náà bá ti kọjá ààlà kan, ìgbì á pa ara rẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo, àfi ní àgbègbè ibi tó ti gbéra. Ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù kò ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìyẹn wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

ỌmọÌbọ̀lọ́
Kí ó yé mi, Prof. Nítorí nǹkan tí kò rìn ni wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn? Ẹ bá wa wá sí Ọ̀fà, nǹkan tí kò rìn pọ̀ níbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí mọ́tò bàbá mi.

Olùkọ́Àgbà Òmù-Àrán
Ìwọ ọmọ yìí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kò yà mí lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni, Nobel. Ní 1977, òun àti Nevill Mott ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Van Vleck tó kọ́ ọ ní Harvard. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ jọ gba ẹ̀bùn kan náà lọ́jọ́ kan náà.

Àmọ́ ẹ wo ọdún tó wà láàárín. 1958 sí 1977. Fún ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn, ìwọ̀nba èèyàn ló ka iṣẹ́ náà, àwọn tó sì yé kò tó nǹkan. Mott ni kò jẹ́ kó kú. Ó rí i pé yóò wúlò fún òun nínú iṣẹ́ tirẹ̀ lórí gíláàsì àti àwọn ohun tí átọ́mù wọn kò tò. Ní 1979, Anderson àti Abrahams àti Licciardello àti Ramakrishnan tún gbé e síwájú: nínú ohun tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, rúdurùdu díẹ̀ ti tó láti dá ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù dúró. 2008 ni àwọn kan ní Faransé àti Ítálì wá fojú rí i pẹ̀lú átọ́mù tí wọ́n mú tutù gidigidi. Àádọ́ta ọdún gééré.

Fóònù Challenge
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ó ti ń yé mi. Gbogbo ọdún tí ẹnikẹ́ni ò fi ka ìwé yẹn, owó oṣù ṣì ń wọlé?

Ayọ̀ Tánkẹ́
Ó ń wọlé. Kì í sì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ló ń ṣe. Òòfà, superconductor (ohun tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà rárá), ó wà níbẹ̀. Àwọn ará Japan pè é, ó lọ lo bí ọdún kan lọ́dọ̀ wọn, 1953 sí 1954, ibẹ̀ ló ti kọ́ eré Go, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Kódà ohun tó wá di Higgs (àlàyé bí àwọn ohun tó kéré jù ṣe ń ní ìwúwo) láàárín àwọn oní-particle, ìyẹn àwọn tó ń wádìí ohun tó kéré jù, ó ti kọ apá kan rẹ̀ jáde ní 1963, Higgs tẹ tirẹ̀ jáde ní 1964.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Josephson. Anderson lọ lo ọdún kan ní Cambridge, 1961 sí 1962, ó ń kọ́ wọn níbẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé kan wà tó ń jẹ́ Brian Josephson. Anderson sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù a máa ba olùkọ́ tí ọmọ náà bá jókòó níwájú rẹ̀, torí bí ẹ bá ṣi nǹkan sọ, á dúró dè yín lẹ́yìn kíláàsì, á wá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ní 1962, nígbà tí Josephson jẹ́ ọmọ ọdún 22, ó ṣírò pé bí wọ́n bá fi awẹ́ tínrín tí kì í gbé iná sáàárín superconductor méjì, iná á ṣì gba inú rẹ̀ kọjá láìsí fólítéèjì rárá. Bardeen, Bardeen tó ṣe tiransísítọ̀ yẹn, tó tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàlàyé superconductor, ní irọ́ ni. Ó kọ ọ́ jáde pé irọ́ ni! Anderson padà sí Bell Labs, òun àti John Rowell ṣe ìdánwò náà, wọ́n rí iná náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1963. Josephson gba Nobel ní 1973.

Ṣé ẹ rí i? Oníṣírò ló lọ wá ẹni tí yóò bá a dán an wò. Rowell wà nínú ilé kan náà.

Alfa Pàkátà
Máṣáállà. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè. Mo gbọ́ pé Anderson yìí náà ló bá àwọn tó ń wá ohun tó kéré jù láyé jà. Kí ni ìjà yẹn?

Olùkọ́Àgbà Òmù-Àrán
Alfa, ẹ kú àbẹ̀wò. Ìjà méjì ni, ti èrò àti ti owó.

Ti èrò: àwọn kan nínú físíìsì máa ń sọ pé bí èèyàn bá ti mọ òfin ohun tó kéré jù, ìyókù ti di ìṣirò lásán. Ní 1972 Anderson kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé bí nǹkan bá ti pọ̀, ó ti di nǹkan mìíràn. Átọ́mù kan ṣoṣo kì í dì, kì í yọ́, kì í gbóná. Ẹ kò lè rí yìnyín nínú ẹ̀. Àìmọye wọn ní láti pé jọ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, bí wọ́n bá sì pé jọ, òfin tuntun ló ń ṣàkóso wọn. Òfin yẹn kò ta ko ti átọ́mù, àmọ́ ẹ kò ní bá a níbẹ̀ bí ẹ bá tú u palẹ̀.

Ti owó: Amẹ́ríkà fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ ńlá kan sábẹ́ ilẹ̀ ní Texas, òbìrí rẹ̀ tó kìlómítà 87, láti fi fọ́ àwọn ohun kéékèèké wọ̀nyẹn. Anderson lọ sọ fún ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn pé owó náà pọ̀ jù fún ẹ̀ka kan ṣoṣo. Wọ́n pa iṣẹ́ náà tì ní 1993, lẹ́yìn tí wọ́n ti ná bí bílíọ̀nù dọ́là méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oní-particle kò dárí jì í. Lójú tèmi, ó jàre nípa èrò. Nípa owó, n kò mọ̀, torí owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn kò kúkú bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ka tirẹ̀.

Alfa Pàkátà
Ti èrò yẹn wọ̀ mí lára. Òfì ni ìyá mi àgbà ń hun. Ẹ mú òwú kan nínú aṣọ rẹ̀, ẹ wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ kò ní rí iṣẹ́ ọnà tó wà lára aṣọ náà.

Ayọ̀ Tánkẹ́
Alfa, ẹ jẹ́ n tọ́ka sí nǹkan kan ṣáá. Ìyá yín àgbà ló mọ iṣẹ́ ọnà tó fẹ́ kó tó gbé òwú. Ti átọ́mù, ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ tò ó. Ìyẹn ló ń yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Alfa Pàkátà
Ẹni tó tò ó wà, ọmọ mi. Àmọ́ mo gbọ́ ohun tó o wí.

ỌmọÌbọ̀lọ́
Ẹ ti sọ̀rọ̀ dáadáa, gbogbo yín, àmọ́ ẹ ṣì ń fi Amẹ́ríkà tan bọ̀dá yìí jẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gidi fún ìgbà kan. AT&T ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú tẹlifóònù ilẹ̀ wọn nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń sanwó fún wọn lóṣooṣù, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè lọ. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni èèyàn fi ń bọ́ oníṣírò fún ọdún mọ́kàndínlógún tí ẹnikẹ́ni ò ka ìwé rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ wo ní Nàìjíríà ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ìlọrin?

Olùkọ́Àgbà Òmù-Àrán
O sòótọ́, mi ò ní jà ọ́ níyàn. Ìjọba Amẹ́ríkà tú AT&T ká ní January 1984, ọdún yẹn náà ni Anderson fi Bell Labs sílẹ̀ pátápátá, tó gba Princeton lọ. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní March 2020, lẹ́ni ọdún 96. Irú Bell Labs yẹn, Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò ní in bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àmọ́ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ Nàìjíríà kan kò ṣe é rí. Alexander Animalu wà. Ọmọ Igbo ni, condensed matter náà ni tirẹ̀, tíọ́rì. Ní Cambridge, òun àti Volker Heine ṣe ìṣirò lórí agbára tí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù ń bá pàdé nínú mẹ́táàlì, fún ẹ́límẹ́ǹtì 25, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló lo nọ́ńbà inú ìwé yẹn. Ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wálé wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nsukka. Heine yẹn kan náà ló bá Anderson yí orúkọ ẹ̀ka wọn ní Cambridge padà sí condensed matter ní 1967. Solid state ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀.

Alfa Pàkátà
Ẹ fi Abdus Salam kún un. Ará Pakistan, oní-físíìsì, òun náà gba Nobel, 1979. Ó padà sílé láti Cambridge ní 1951 láti máa kọ́ni ní Lahore, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó tún padà lọ ní 1954.

Olùkọ́Àgbà Òmù-Àrán
Ẹ ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, Alfa. Àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀ yẹn ló mú Salam dá ICTP, ibùdó àgbáyé fún tíọ́rì físíìsì, sílẹ̀ ní Trieste, ní Ítálì, ní 1964, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ bíi tiwa lè máa lọ bá ẹgbẹ́ wọn jókòó, kí wọ́n sì padà sílé láìfi iṣẹ́ sílẹ̀.

Challenge, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú kúrò níbí nìyí. Ẹ má tíì bi àbúrò yín léèrè ohun tí yóò jẹ. Ẹ bi í pé ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Ta ni yóò jẹ́ olùdarí iṣẹ́ rẹ̀? Ṣé ẹni náà ń tẹ̀wé jáde láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn? Ó ní ọmọ iṣẹ́ mìíràn, àbí àbúrò yín nìkan ni yóò wà níbẹ̀? Anderson kò fi ẹ̀rọ kankan ju ẹlòmíì lọ. Pẹ́ńsù àti ìwé ni. Feher ló fi ju ẹlòmíì lọ. Van Vleck ló fi ju ẹlòmíì lọ. Oníṣírò tí kò rẹ́ni bi í ní ìbéèrè kì í pẹ́ gbẹ, ìbáà ní orí bí orí Josephson.

Ayọ̀ Tánkẹ́
Ọ̀rọ̀ Prof yẹn, mo ti rí i. Ẹnìkan tí mo mọ̀ wà ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, olùdarí rẹ̀ kò ka nǹkan tó kọ rí. Bí wọ́n bá pàdé, "ẹ máa bá iṣẹ́ lọ" ni olùdarí náà á wí. Ọmọ náà ń tajà báyìí, ọjà ń tà, àmọ́ kò sí ẹ̀ẹ̀kan tá a pàdé tí kì í béèrè ohun tí mò ń kà.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà tó wà nìyí. ICTP ní ètò díplómà ọlọ́dún kan, condensed matter jẹ́ ẹ̀ka kan níbẹ̀, wọn kì í gba owó ilé-ìwé, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó oúnjẹ. Àwọn AIMS, iléèwé ìmọ̀ ìṣirò ti Áfíríkà, náà ní máásítà tí wọ́n ń gbé ìnáwó rẹ̀, ó wà ní Gúúsù Áfíríkà, Gánà, Rwanda, Cameroon àti Senegal. Iléèwé kékeré kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ASESMA, láti 2010, tó ń káàkiri àwọn ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìwà ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù nínú ohun líle. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe nílé níbí, torí sọ́fútíwià rẹ̀, Quantum ESPRESSO, ọ̀fẹ́ ni, kò sì fẹ́ láàbù. Tíọ́rì tí wọ́n ń lò nínú rẹ̀, Walter Kohn àti Hohenberg ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1964, Kohn sì gba Nobel lórí ẹ̀ ní 1998. Ti kẹ́místírì ni wọ́n fún un o, oní-físíìsì ni.

Bí kò bá sì rí iṣẹ́ olùkọ́ gbà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá mọ ìṣirò yìí àti kóòdù rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ dátà kì í kọ̀ ọ́.

ỌmọÌbọ̀lọ́
Èyí tó ní owó oúnjẹ nínú yẹn, ẹ ò tètè sọ ọ́.

Ìyá Ruka
Èmi náà ní ọmọ ní SS2 tó fẹ́ràn físíìsì. Mo ti da gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kọ.

Fóònù Challenge
Ọlọ́run á san án fún yín. Mo bi í lálẹ́ àná bí Prof ṣe wí. Ó ní ọ̀gá kan wà tó fẹ́ gbà á, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta wà lọ́dọ̀ ẹni náà, ọ̀kan nínú wọn ti lọ Trieste rí. Mo ní kó bá mi bá ìyẹn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì dá mi lóhùn dáadáa. Mo ti fọwọ́ sí i. Ohun tó kù ni kọ̀ǹpútà. HP kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, RAM 4GB, Core i3. Ṣé yóò gbé Quantum ohun tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn?

Ayọ̀ Tánkẹ́
Á gbé e fún ìdánrawò, silicon tó ní átọ́mù méjì kò ní dà á láàmú. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á há. Ẹ fi RAM kún un, 8GB ó kéré tán, 16GB bí àyè bá wà, kẹ́ ẹ sì fi SSD rọ́pò hard disk rẹ̀. Kó fi Linux sí i, kó yọ Windows kúrò. Ẹ má ra tuntun o. Ẹ wo abẹ́ ẹ̀ ná bóyá ihò RAM rẹ̀ jẹ́ méjì.